Èsì: Ọjọ́ kan létí òkun, láti Kútọnu dé Ouidah

Ẹ̀gbọ́n wa ti Kubwa, ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o. Ẹ ní àwọn ọmọ tẹ́ ẹ bí sí Àbújá ò rí òkun rí, ẹ wá ń bèèrè bóyá ọjọ́ kan tó fún ìrìn àjò láti Kútọnu sí ìlú Ouidah, lórílẹ̀-èdè Benin. Ó tó dáadáa, nǹkan bíi kìlómítà 40 ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba títì márosẹ̀. Ọ̀nà etíkun tó gba Fidjrossè, àdúgbò kan ní Kútọnu, ni kẹ́ ẹ gbà: òkun á wà lápá òsì yín, igi àgbọn á tò lọ bẹẹrẹ. Bẹ́ ẹ bá ráwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n, ẹ dúró. Tọmọdé tàgbà á di okùn gígùn mú, wọ́n á máa fi orin fà á wá sórí yanrìn. Inú mi máa ń dùn sí i gan-an. Àmọ́ ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ wọ omi o, òkun ibẹ̀ máa ń fani lọ.

Ní Ouidah, ẹ wo ilé òrìṣà Erè tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ńlá. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Ẹnubodè Àìpadàbọ̀, tí wọ́n kọ́ sétí òkun lọ́dún 1995 nírántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Ẹ fara balẹ̀ sọ ìtàn náà fáwọn ọmọ, torí àwọn Yorùbá wà lára wọn.

Séfà ni wọ́n ń ná lọ́hùn-ún. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì (ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára) ọmọ kọ̀ọ̀kan dání.