Ṣé kí n kó àwọn ọmọ lọ sí Lagos ti ilẹ̀ Potogí nígbà òtútù?

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Manchester ni a wà. Àwọn ọmọ mi méjì, ọmọ ọdún 11 àti ọmọ ọdún 8, gbọ́ pé ìlú kan wà létí òkun ní ilẹ̀ Potogí tó ń jẹ́ Lagos, wọn ò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Owó ilé àlejò ibẹ̀ wálẹ̀ gan-an nínú oṣù Kejì. Ṣé ìlú náà ṣeé lọ nígbà òtútù? Ṣé kí n sì mú wọn wọ ibi tí wọ́n ti ta ẹrú?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni mo kó àwọn tèmi lọ síbẹ̀, nínú oṣù Kejì kan náà. Ẹ lọ. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Faro, kí ẹ wọ rélùwéè. Lagos ni ojú irin náà parí sí. Òtútù ọ̀sán ibẹ̀ kò tó ti Manchester rárá, inú ilé gan-an ni òtútù ti ń muni lálẹ́, torí táìlì ni ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ni kò sì ní ohun tó ń mú un móoru. Ẹ béèrè hítà kí ẹ tó sanwó. Ẹ má ṣèlérí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ wo àwọn àpáta Ponta da Piedade fún ọmọ kankan, kì í jáde bí òkun bá ń ru. Ilé oúnjẹ púpọ̀ ló máa ń tì lásìkò yẹn. Àmọ́ àsìkò ọsàn ni, ẹ jẹ ẹ́ dáadáa.

Ìbéèrè yín kejì ni kò jẹ́ kí n sùn.

Nígbà tí a dé ibùdó rélùwéè, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 10 nígbà náà, rí LAGOS gàdàgbà lára pátákó. Ó fò sókè, ó ní, "Dádì, ìlú yín!" Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí. Inú mi dùn, mo ya fọ́tò rẹ̀ níbẹ̀, mo sọ fún un pé àwọn Potogí ló sọ Èkó ní Lagos. Títí a fi délé ló ń júwe ìlú fún àbúrò rẹ̀ bí ẹni pé òun ló ni ín.

Lọ́jọ́ kejì, òjò ń rọ̀. A ò ríbi lọ, la bá wọ ilé kékeré tó wà ní Praça do Infante, tí wọ́n ṣí ní 2016 láti fi sọ ìtàn àwọn ẹrú. Ní ìlú yẹn ni wọ́n ti pín èèyàn 235 bí ẹni pín ẹran, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1444. Zurara, akọ̀wé ìtàn ọba wọn, kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn ìyá ṣe ń dì mọ́ ọmọ wọn tí wọ́n sì ń já wọn gbà. Ìdá kan nínú márùn-ún bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ọba Henrique, ère rẹ̀ wà níta níbẹ̀. Ní 2009, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n bá eegun àwọn adúláwọ̀ tó lé ní 150 níbi tí ìlú ń da ìdọ̀tí sí láyé àtijọ́. Ọmọdé wà nínú wọn.

Àwa nìkan la wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sí àlejò mìíràn tí ariwo rẹ̀ ìbá gbà mí. Ọmọ mi gbójú sókè, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé ṣé wọ́n ta àwọn èèyàn tiwa náà.

Mo ní rárá. Mo ní etíkun Mauritania ni wọ́n ti kó àwọn ẹni 1444, wọn kì í ṣe Yorùbá. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ohun tó bi mí nìyẹn. Mo fà á lọ́wọ́, a jáde sínú òjò, mo ra ọsàn fún wọn.

Ìyá wa, Àgùdà ni wá. Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, ni wọ́n bí bàbá tó bí bàbá bàbá mi sí. Àwọn òbí rẹ̀ ni wọ́n kó lẹ́rú láyé ogun, tí wọ́n tà kọjá òkun. Òun ló wọkọ̀ padà sí Èkó, ilé rẹ̀ ṣì wà ní Campos, ibẹ̀ la ti máa ń jẹ frejon, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, lọ́jọ́ Gúùdù Fúráìdè. Orúkọ Potogí tó gbé bọ̀ ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù ọmọ tó ń bi mí léèrè yẹn.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí nílé ìwé. Wọ́n ń kọ́ wọn nípa òwò ẹrú, ọmọ mi sì sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí òbí rẹ̀ jẹ́ ará Jàmáíkà pé, "Ẹ̀yin ni wọ́n tà, wọn ò ta àwa." Ọmọ yẹn sunkún. Ọmọ mi bẹ̀ ẹ́, èmi náà bẹ ìyá rẹ̀, àmọ́ kò wá sílé wa mọ́. Wọ́n ní ibo ló ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo dákẹ́.

Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò tíì tún un sọ. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà lóru. Ìgbà tí mo bá fi délé, àwọn ọmọ ti lọ sílé ìwé. Yorùbá ni ìyá àgbà fi sọ ìtàn yẹn fún mi, oríkì ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹkún ló fi parí. Àwọn ọmọ mi kò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" àti "wá jẹun" lọ. Àwọn ará ilé ní èmi ni mo fà á. Wọn ò sí níbí nígbà tí owó ilé ń lé mi kiri, tí mo ń ṣe iṣẹ́ méjì. Mo ti gbìyànjú láti fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ níkọ̀kọ̀ nínú ọkọ̀, ó ń dún bí ìtàn ìdílé ẹlòmíràn.

Ẹ mú wọn wọ̀ ọ́. Àmọ́ kí ẹ tó kúrò ní Manchester ni kí ẹ ti sọ ohun tí ẹ mọ̀ nípa ìdílé yín fún èyí ẹ̀gbọ́n. Ti èyí ọmọ ọdún 8 yẹn, mi ò lè sọ, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.

Ọmọ mi ti pé ọdún 14. Lálẹ́ àná, lẹ́yìn tí mo ka ìbéèrè yín, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo ní ṣé ó rántí Lagos. Kò yọ ohun tó kì bọ etí. Ó ní ọsàn ni òun rántí.