Kí Ló Gbé Ọkọ̀ Ojú Irin Dé Láderin?

Lẹ́tà mẹ́ta ló wọlé lóṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn, tó gba Abẹ́òkúta wa kọjá. N ó dáhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹni tí inú bá bí, kó kọ òmíràn wá.

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ, Èkó sì ni àwọn oníbàárà mi pọ̀ sí. Wọ́n ní ìlú wa ti ní ìbùdó ọkọ̀ ojú irin tuntun, inú mi dùn, àfi bí mo ṣe bèèrè tí wọ́n ní Láderin ni. Ẹ gbà mí o, ṣé Abẹ́òkúta náà nìyẹn? Kí ló dé tí wọn ò kọ́ ọ sí Láfẹ́nwá, níbi tí ti àtijọ́ wà? (Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú)

Ìdáhùn: Ìyá Aládìrẹ, ẹ kú ọjà o. Etí irin Láfẹ́nwá ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ló ń di àsíá pupa àti àsíá aláwọ̀ ewé mú níbi tí ọ̀nà mọ́tò ti gba orí irin kọjá. Tó bá dalẹ́, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa ni àsíá méjèèjì máa ń wà, bí ìgbálẹ̀. Àwa ọmọdé a máa to ìdérí ìgò sórí irin, a ó dọ̀bálẹ̀ sínú koríko. Ọkọ̀ á dé, fàkàfìkì fàkàfìkì. Bó bá ti kọjá, ìdérí á ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ewé, á ṣì máa gbóná lọ́wọ́. A ó lu ihò méjì sí i, a ó ki okùn bọ̀ ọ́, ó di òòyì. Ẹgba tí mo jẹ nítorí òòyì yẹn kò kéré. Nítorí náà, ẹ má rò pé mo fẹ́ bu Láfẹ́nwá kù.

Ṣùgbọ́n irin àtijọ́ yẹn, láti 1896 ni àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ bọ̀ láti Ìdó l'Ékòó. Nígbà tó fi di 1901, ó ti dé Ìbàdàn. Àlàfo àárín irin méjèèjì jẹ́ mìlímítà 1,067. Ti tuntun jẹ́ 1,435, ó fi bí ẹsẹ̀ bàtà kan lé díẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tuntun kò lè wọ bàtà ti àtijọ́, wọ́n ní láti tẹ́ irin mìíràn. Wọ́n sì ṣe é kó lè sáré tó kìlómítà 150 ní wákàtí kan. Ohun tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀ kì í yà bàrà bí ọ̀kadà Sàpọ́n. Ọ̀nà gbọọrọ ló fẹ́, kọ́nà tó gbòòrò, ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ̀yin náà mọ ìlú wa, abẹ́ òkúta là ń gbé lóòótọ́. Tí wọ́n bá ní Láfẹ́nwá ni dandan, ilé ta ni wọn ì bá kọ́kọ́ wó? Ọjà Láfẹ́nwá ńkọ́?

Ẹ tún wo èyí. Láfẹ́nwá tí gbogbo wa ń pè ní àárín ìlú lónìí, odò Ògùn ló là á sọ́tọ̀ kúrò lára ìlú àtijọ́. Ìyá bàbá mi, títí wọ́n fi kú, "òdìkejì odò" ni wọ́n ń pe ilé wa. Ìlú ló lọ bá ọkọ̀ níbẹ̀. Ọjà tẹ̀ lé ọkọ̀, ilé tẹ̀ lé ọjà. Ní Láderin náà, ilé ti ń yọ níkọ̀ọ̀kan.

Ibi tí mo ti bá yín gbà ni bí èèyàn ṣe máa débẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo fẹ́ gbé láfún lọ fún ọmọ mi obìnrin ní Èbúté-Mẹ́ta. Mo ti jáde nílé kí àwọn alákàrà tó dáná. Mo wọ kẹ̀kẹ́ dé Kútọ̀, mo wọ òmíràn. Ọmọ tó wà á ní òun fẹ́ rọ epo, ó lọ tò sórí ìlà, ó tún ń dúró de èrò kan tó ń ra búrẹ́dì. Ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ mi, mo ń gbọ́ fèrè. Mo bá jókòó lórí àpò láfún. Obìnrin ẹlẹ́pà kan wò mí títí, ó ní, "Bàbá, ti dáńfó kọ́ lèyí o, kì í dúró de 'ó ku ẹnì kan'." Owó tíkẹ́ẹ̀tì ń dùn mí, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́pà tún ń dùn mí. Ẹni tó kọ́ ilé ńlá bẹ́ẹ̀ tí kò ro ti bọ́ọ̀sì tí yóò máa kó èèyàn wá síbẹ̀ láti Kútọ̀ àti Pánsẹ́kẹ́ ní àsìkò tí ọkọ̀ máa gbéra, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí lójú tèmi.

Ní ti ọjà yín, ìwọ̀n tí ẹ lè fọwọ́ ara yín gbé ni kí ẹ kó. Bó bá jẹ́ Balógun lẹ ń lọ, ẹ bá ọkọ̀ lọ títí dé Èbúté-Mẹ́ta. Fún Ìkẹjà tàbí Muṣin, ẹ sọ̀ ní Agége, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ti ìjọba Èkó tí wọ́n ń pè ní Red Line. Agbádó sí Ọ̀yìngbò ló ń ná, oṣù kẹwàá ọdún 2024 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Mi ò tíì lo wákàtí méjì rí láti Láderin dé Èbúté-Mẹ́ta. Ti ọ̀nà mọ́tò, ẹ̀yin náà lè sọ ọ́.

Ìbéèrè: Bàbá, kí ló dé tó jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n fi sọ ìbùdó Láderin? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbarà)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ọmọ ìlú yìí ni wọ́n. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí wọn sí ní 1934, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Gbogbo ìbùdó ojú irin yìí ló ní orúkọ ẹni ńlá: Mọbọ́lájí Johnson ní Èbúté-Mẹ́ta, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọníyà n'Ìbàdàn. Ti Pàpálántò ni wọ́n fún Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì.

Ibẹ̀ ni mo ti ní ẹjọ́ díẹ̀. Ìlú yìí ni Ìyá ti kó àwọn obìnrin jọ lórí ọ̀rọ̀ owó orí, títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà kan ní 1949. Ìyá tó bí Ṣóyínká wà lára àwọn tó bá wọn jà á. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, ti Láderin ni ǹ bá fún Ìyá. Ṣùgbọ́n wọn ò bi mí.

Ìbéèrè: Wọ́n fẹ́ ta pulọ́ọ̀tì kan fún mi ní Láderin, wọ́n ní ó súnmọ́ ìbùdó ọkọ̀ ojú irin "bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá". Ṣé kí n rà á? (Tíṣà, Ìta-Ọ̀ṣìn)

Ìdáhùn: Tíṣà, ẹ jẹ́ kí lọ́yà wo ìwé rẹ̀, kí surveyor sì wò ó bóyá kò wọ ilẹ̀ rélùwéè. Lẹ́yìn náà kí ẹ so aago mọ́ ọwọ́, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn ín lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi mọ́tò gbé yín lọ. Irú "ìtòsí" bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tà fún ẹ̀gbọ́n mi kan. Èmi àti wọn jọ rìn ín, ó gbà wá ní wákàtí kan ó lé díẹ̀. Fèrè ọkọ̀ la gbọ́, a ò rí ọkọ̀.