Ta ló ni ilẹ̀ tí ẹ dúró sí?

Ẹ kú ìjàkadì o, ará mi. Ẹ ní wọ́n lé yín jáde nínú mọ́ọ̀lù níbi tí ẹ ti ń pín ìwé ìléwọ́, ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ náà sórí Facebook, wọ́n tún yọ ọ́. Ẹ ń béèrè bóyá ẹ lè pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Ní Amẹ́ríkà tí a wà yìí, ó ṣòro. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀, torí ohun tó ṣe yín ti ṣe èmi náà rí.

Àtúnṣe Àkọ́kọ́ (First Amendment) tí wọ́n fi kún òfin orílẹ̀-èdè yìí lọ́dún 1791, tó dáàbò bo òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ, ìjọba ló dè lọ́wọ́. Kò de onílé. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé pín ìwé, ilẹ̀ ni mo sì máa ń kọ́kọ́ wò níbikíbi tí mo bá dé. Mọ́ọ̀lù kan wà tó jẹ́ pé táìlì pupa ni wọ́n tẹ́ síwájú ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ibi tí táìlì yẹn parí sí ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ìlú fi sìmẹ́ńtì ṣe ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ pe ọlọ́pàá sí wa, a kàn sún sẹ́yìn bọ́ sórí sìmẹ́ńtì, a ń pín ìwé wa lọ. Ọlọ́pàá wò wá títí, ó bá tirẹ̀ lọ. (Kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ló jẹ́ ti ìlú o, ẹ kọ́kọ́ wádìí.)

Bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹjọ́ Marsh ti 1946 gbà yín níyànjú, ti obìnrin tí wọ́n mú torí pé ó ń pín ìwé ẹ̀sìn lórí ilẹ̀ onílé, ẹ ṣọ́ra. Obìnrin yẹn jàre lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ló ni odindi ìlú Chickasaw ní Alabama níbi tó ti pín in, títí kan títì. Mọ́ọ̀lù ò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1972, àwọn tó pín ìwé lòdì sí ogun Vietnam nínú mọ́ọ̀lù kan ní Portland pàdánù ẹjọ́ tiwọn. California yàtọ̀: òfin ìpínlẹ̀ náà fààyè gba irú èyí nínú mọ́ọ̀lù ńlá, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà ò sì dí i lọ́wọ́ ní 1980.

Ti Facebook ló ń bí mi nínú jù. Ilé onílé ni, wọ́n lè yọ ohun tí wọn ò fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni èrò wà báyìí, kò sì sí sìmẹ́ńtì ìlú kankan níbẹ̀ téèyàn lè sún bọ́ sí. Àmọ́ tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló yọ ọ̀rọ̀ yín lójú ewé tirẹ̀, ẹ má tíì sinmi. Nínú ẹjọ́ Lindke ní 2024, tí ọkùnrin kan pe òṣìṣẹ́ ìlú tó yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú ewé Facebook, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ yẹn ní ohun méjì làwọn máa wò: ṣé ìjọba fún un láṣẹ láti máa sọ̀rọ̀ lórúkọ ìjọba, ṣé àṣẹ yẹn ló sì ń lò nígbà tó kọ ohun tó kọ síbẹ̀? Ẹ tètè ya àwòrán ojú ewé náà, kí ọjọ́ tó kọ ọ́ hàn, kó tó pa á rẹ́.

Ẹ sọ ìpínlẹ̀ tí ẹ wà fún wa, àti ẹni tó yọ ọ̀rọ̀ yín gan-an.