Ẹ má mú ọmọ dé Gisozi

Àǹtí tó kọ̀wé láti Òkè-Àró, ẹ ní ọkọ yín ń lọ sípàdé ní Kigali, ẹ sì ń rò ó bóyá kẹ́ ẹ mú ọmọ yín ọlọ́dún mẹ́sàn-án lọ wo ibi ìrántí àwọn tí wọ́n pa ní Rùwáńdà. Mo ti débẹ̀. Ẹ fi ọmọ ti bàbá rẹ̀, kẹ́ ẹ dá lọ.

Ibi ìrántí tó wà ní Gisozi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, ìgboro Kigali náà ló wà. Ẹ ò ní sanwó ìwọlé. Ẹ̀rọ tó ń ṣàlàyé síni létí ni wọ́n ń gbowó lé. Ẹ má ṣahun, ẹ gbà á. Òkú tó lé ní 250,000 ni wọ́n sin síbẹ̀, ẹ̀yà Tutsi, tí àwọn agbawèrè nínú ẹ̀yà Hutu dojú kọ, ló pọ̀ jù nínú wọn. Nǹkan bí 100 ọjọ́ ni wọ́n fi pa àwọn èèyàn wọ̀nyí lọ́dún 1994. Ṣùgbọ́n yàrá àwọn ọmọdé ni mò ń bá yín sá fún. Wọ́n gbé fọ́tò ọmọ kọ́ gàgàrà, wọ́n kọ oúnjẹ tó fẹ́ràn sábẹ́ rẹ̀, àti irú ikú tó kú. Ọ̀kan wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, bọ́ọ̀lù ló fẹ́ràn, dókítà ló fẹ́ dà. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn ni pé UNAMIR, àwọn sójà àjọ àgbáyé, máa wá gba àwọn. Kí lẹ fẹ́ sọ fún ọmọ yín tó bá bi yín pé ṣé wọ́n wá?

Nyamata ńkọ́? Ẹ fi dọjọ́ mìíràn. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sọ di ibi ìrántí ni. Àwọn èèyàn sá wọ ibẹ̀ torí wọ́n gbà pé kò sẹ́ni tó máa pààyàn nílé Ọlọ́run. Aṣọ wọn ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ti pọ́n bí erùpẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára aṣọ pẹpẹ. Ihò ọta kún páànù òrùlé. Ọ̀wọ̀ ni ilé ìyá mi. Ẹni tó bá rántí June 5, 2022, tí wọ́n pa àwọn olùjọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní fúyẹ́ ní Nyamata. Èmi jókòó síta títí awakọ̀ fi wá fà mí dìde.

Ẹ má ya fọ́tò nínú ilé. Ẹ má sì bi ẹnikẹ́ni pé Hutu ni àbí Tutsi. (Mo mọ̀ wá ní Àkúrẹ́, kí èèyàn tó jókòó la ti ń bi í pé ọmọ ìlú wo ni.) Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Rùwáńdà lọ́rọ̀ náà kàn nílé, tí wọ́n bá fẹ́ sọ tiwọn, wọ́n á sọ ọ́. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ má sì fi ọjà sí ọ̀sán ọjọ́ yẹn.