Ojú tó ń wo èèyàn, ó tún ń wo ẹyẹ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Fọ́tò làwọn kọ́sítọ́mà máa ń fún mi, èmi á wò ó yà, ìyàwó àti ọkọ, olóyè, bàbá tó ti dolóògbé, òun ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n láti èṣín, kòkòrò àti ẹyẹ lọkàn mi ń fà sí, mo tiẹ̀ ti ń ka ìwé sáyẹ́ǹsì nítorí wọn. Màmá mi ní mo fẹ́ dáná sun iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ṣé gbogbo ohun tí mo ti kọ́ máa ṣòfò ni? (Ayàwòrán, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kò lè ṣòfò. Ọ̀gbẹ́ni Abbott Thayer, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1849, àwòrán èèyàn ló fi lórúkọ, ó ya Mary ọmọ ẹ̀ bí áńgẹ́lì ní 1887. Ìwọ náà ṣáà mọ bá a ṣe ń ṣe ṣéèdì, iwájú orí tí iná bà á mọ́lẹ̀, abẹ́ àgbọ̀n á ṣú díẹ̀, ojú á wá yọ jáde lórí bébà bíi pé kó sọ̀rọ̀. Ojú tó mọ ìyẹn ni Thayer gbé wọgbó, ló bá rí i pé òdìkejì ẹ̀ ló wà lára ọ̀pọ̀ ẹranko: ẹ̀yìn tí oòrùn ń pa ló dúdú, ikùn tí òjìji wà ló funfun, ṣéèdì á pa ara wọn rẹ́, ẹran á rí pẹlẹbẹ, ojú ọdẹ á fò ó. Ta ló tún fẹ́ rí i bí kò ṣe ẹni tó ti fi ọdún gbọọrọ ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn?

Ní 1896 ó kọ ọ́ jáde, ó sì kó ọ̀dùnkún (bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀dùnkún!) wá síwájú àwọn onímọ̀ ẹyẹ ní Cambridge, Massachusetts, ó fi wáyà gbé wọn kúrò nílẹ̀ díẹ̀, àwọn tó kùn dúdú lókè funfun nísàlẹ̀, èèyàn á jìnnà díẹ̀ báyìí kò ní rí wọn mọ́.

Ibi tó ti ṣì í ni mo fẹ́ kó o ṣọ́. Nínú ìwé tóun àti Gerald ọmọ ẹ̀ ṣe ní 1909, ó ní torí kí wọ́n lè sá pa mọ́ ni gbogbo àwọ̀ ẹranko fi wà, títí kan ọ̀kín, títí kan ẹyẹ flamingo tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ní ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́ ló jọ. Theodore Roosevelt tó ti ṣe ààrẹ, tó tún jẹ́ ọdẹ, ta kò ó gan-an, mo sì gbà pẹ̀lú ẹ̀. Ohun tójú ẹ bá rí ni kó o yà.

Má lé àwọn kọ́sítọ́mà ẹ lọ o, owó oúnjẹ ni wọ́n. Ní ti màmá, ra ọ̀dùnkún méjì, kun ọ̀kan láwọ̀ ilẹ̀ yíká, kun èkejì láwọ̀ ilẹ̀ lókè kó o wá jẹ́ kó máa funfun lọ sísàlẹ̀, fi wáyà gbé wọn sí àgbàlá lọ́sàn-án, pe màmá síta kí wọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kó o bi wọ́n pé ọ̀dùnkún mélòó ni wọ́n rí.