Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kíkọ́ Iṣẹ́ Láàárín Àgbà àti Ọ̀dọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Alábòójútó ni mí ní ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 25 ní kí n máa fi fídíò ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn. Àwọn tó ti lé ní 50 ní ìwé làwọn fẹ́, kí ẹnìkan sì dúró ti àwọn. Ṣé kí n pín ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sí méjì ni?

Ẹ má pín in. Tí ẹ bá tilẹ̀ máa pín wọn, ẹ má fi ọdún ìbí pín wọn, ohun tí oníkálukú ti mọ̀ nípa iṣẹ́ náà ni kí ẹ wò. Àwọn tó fẹ́ràn láti máa to ènìyàn sí ìran-ìran a máa fa ìlà báyìí: 1946 sí 1964, 1965 sí 1980, 1981 sí 1996, lẹ́yìn náà àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Gen Z, tí wọ́n bí láti 1997. Ìlà náà dùn ún fà sórí bébà. Ní 2020, ìgbìmọ̀ kan tí National Academies, àjọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ yẹ àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé kò sí ẹ̀rí tó tó láti máa fi ìran darí òṣìṣẹ́. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ pé ojú ni lágbájá fi ń kọ́ nǹkan, etí ni tàmẹ̀dù fi ń kọ́ tirẹ̀. Olùwádìí Harold Pashler àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wá ẹ̀rí rẹ̀ títí ní 2008, wọn ò rí èyí tó ṣeé gbára lé.

Síbẹ̀, ẹ má fọwọ́ rọ́ ohun tí wọ́n ń béèrè sẹ́yìn. Ọmọ tó fẹ́ fídíò fẹ́ ohun tó lè dá dúró, kó sì dá padà sẹ́yìn. Àgbà tó fẹ́ kí ẹnìkan dúró ti òun fẹ́ ẹni tó lè sọ fún pé, “Dúró ná, tún un sọ.” Ohun kan náà làwọn méjèèjì ń wá: kí bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe ń yára tó wà lọ́wọ́ àwọn. Àkójọpọ̀ ìwádìí kan tó jáde ní 2003 lórí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ fún àwọn àgbà fi hàn pé èyí gan-an, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ bí agbára rẹ̀ ṣe mọ, ló ràn wọ́n lọ́wọ́ jù.

Ìyàtọ̀ tó yẹ kí ẹ kà sí ni ti ẹni tuntun àti ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tuntun, ìbáà jẹ́ ọmọ 20 tàbí ẹni 60, nílò kí a fi gbogbo rẹ̀ hàn án láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó ti mọ iṣẹ́, tí ẹ bá tún ń ṣàlàyé A, B, D fún un, ńṣe lẹ ń dí i lọ́wọ́. Ìṣòro kan ni kí ẹ gbé fún un kó tú u.

Fún ẹni tuntun, ọ̀nà kan wà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ń gba ẹgbàágbèje ènìyàn tí kò mọ iṣẹ́ rí. A ò tíì rí èyí tó dára jù ú lọ fún iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rọ tó ń tẹ ìwé pélébé tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹrù ṣàpẹẹrẹ, ká ní róòlù rẹ̀ tán, a fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fa ìlà sí bébà kó pín sí mẹ́ta: ohun tí a ń ṣe, ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ níbẹ̀, àti ìdí rẹ̀. Ṣí ìdérí. Gbé orí tó ń tẹ̀wé sókè. Fi róòlù sí àyè rẹ̀. Fa bébà gba àárín ìdènà méjèèjì tó ń di etí bébà mú lọ́tùn-ún lósì. Ohun tí a ń ṣọ́ níbí ni kí ìdènà fara kan etí bébà láìfún un pa, ìdí rẹ̀ ni pé bí àlàfo bá wà, bébà á máa yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun tí a tẹ̀ á sì wọ́. Dé ìdérí. Tẹ bọ́tìnnì kí ẹ̀rọ fa ìwé bíi mélòó kan jáde, kó lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fo èyí lẹ́yìn tó ti pààrọ̀ ìwọ̀n ìwé á rí i pé ìdajì àdírẹ́ẹ̀sì bọ́ sórí ìwé kejì, á sì máa bá kọ̀ǹpútà jà lásán.

Ẹ ṣe é lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: lẹ́ẹ̀kínní ẹ dárúkọ ìgbésẹ̀ nìkan, lẹ́ẹ̀kejì ẹ fi ohun tí à ń ṣọ́ kún un, lẹ́ẹ̀kẹta ẹ fi ìdí kún un. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Bí ẹ bá dojú kọ ọ́, ọwọ́ ọ̀tún yín á di òsì lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí òun náà ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, àkọ́kọ́ láìsọ̀rọ̀, ìyókù pẹ̀lú àlàyé lẹ́nu ara rẹ̀. Ẹni tó ṣe é dáadáa tí kò lè sọ ìdí, ọjọ́ tí nǹkan bá yí padà ni yóò há.

Ẹ ṣe fídíò àti ìwé, kí ẹ gbé méjèèjì fún gbogbo wọn. Kí fídíò kan má ju iṣẹ́ kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, kí a yà á láti ẹ̀yìn èjìká ẹni tó ń ṣe é, kí àkọlé rẹ̀ sì jẹ́ ìṣòro tí ènìyàn máa wá: “Bébà ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́.” Kí ìwé jẹ́ ojú ewé kan, kí ìwọ̀n lẹ́tà rẹ̀ tó 14, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ.

Mo ti pé ọdún 57, iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe. Wọ́n gbé ètò kọ̀ǹpútà tuntun dé. Ọmọ tó ń kọ́ mi yára bí àṣá, bó bá ti kúrò lọ́dọ̀ mi n kì í rántí nǹkan kan. Ṣé ọjọ́ orí ni?

Ọjọ́ orí wà níbẹ̀ díẹ̀, mà. Bí ọpọlọ ṣe ń yára gba nǹkan tuntun a máa dín kù. Ìmọ̀ tí ẹ ti kó jọ lẹ́nu iṣẹ́ kì í dín kù bẹ́ẹ̀, òun sì ni kí ẹ lò. Kí ọmọ náà tó dé, ẹ kọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe é nínú ìwé àkọsílẹ̀: owó tó wọlé, owó tó jáde, ìyókù, ìfiwéra pẹ̀lú ìwé báńkì níparí oṣù. Kí ẹ wá máa bi í lọ́kọ̀ọ̀kan pé, “Níbo lèyí wà nínú tuntun yìí?” Ẹ má jẹ́ kó máa mú yín rìn gba gbogbo ojú ewé tí ẹ ò ní lò láéláé.

Ọwọ́ yín ni kó wà lórí máòsì. Tó bá ní, “Mà, ẹ jẹ́ n bá yín yára ṣe é,” ẹ ní kó fi ẹnu sọ ọ́. Ẹni tó ti mọ nǹkan dunjú ń tẹ bọ́tìnnì mẹ́fà, ọ̀kan ló rò pé òun tẹ̀.

Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ìgbésẹ̀ náà. Ẹ má kọ “bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé lápá ọ̀tún”, nítorí bí wọ́n bá tún ètò náà ṣe, ó lè di aláwọ̀ búlúù lápá òsì. Orúkọ bọ́tìnnì àti ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe ni kí ẹ kọ. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà fáìlì kan tí ẹ lè bàjẹ́ bó ṣe wù yín. Nínú ọ̀pọ̀ ètò, Ctrl pẹ̀lú Z á dá ohun tí ẹ ṣe kẹ́yìn padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ láìwo ìwé, kí ẹ tó wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mú kí lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà tóbi sí i. Láti nǹkan bí ọdún 40 lojú ti ń ṣòro láti rí ohun tó súnmọ́. Ọ̀pọ̀ àgbà tí wọ́n ní “kò yé”, kò rí i ni.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ọmọ ọdún 20 ni mí, mò ń fi fídíò kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Mo ti wo bí wọ́n ṣe ń ki òwú sí maṣíìnì lọ́pọ̀ ìgbà, síbẹ̀ bí mo bá ń rán, òwú á dì sábẹ́ aṣọ. Mo ti tú bọ́bìnnì, ibi tí òwú ìsàlẹ̀ ń wà, títí, kò yí padà.

Má tú bọ́bìnnì mọ́. Òwú tó dì sábẹ́, òkè ló ti sábà máa ń wá. Gbé ẹsẹ̀ tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ sókè kí o tó ki òwú. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá wà nílẹ̀, àwọn àwo kékeré méjì tó ń fún òwú ti pa dé. Òwú á kàn gorí wọn kọjá, kò ní sí ohun tó dì í mú, á sì máa tú yàà sábẹ́ aṣọ. Kì í ṣe gbogbo fídíò ló ń sọ èyí, nítorí ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ti mọ́ ọn lára.

Wíwò léraléra náà léwu. Ní 2018, àwọn olùwádìí méjì, Michael Kardas àti Ed O’Brien, fi hàn pé bí ènìyàn bá ṣe ń wo fídíò iṣẹ́ kan sí i ni ọkàn rẹ̀ ń balẹ̀ sí i pé òun mọ̀ ọ́n, nígbà tí ọwọ́ kò mọ nǹkan kan sí i. Wò ó tán lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì, dá a dúró ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí o ṣe é. Lẹ́yìn náà pa á, kí o ki òwú láìwo nǹkan kan, tú u, tún un kì.

Ọjọ́ kan gbáko la fi ń dá àwọn òṣìṣẹ́ tuntun wa lẹ́kọ̀ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà gbogbo wọn á ní ó yé àwọn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti fò lọ. Tọmọdé tàgbà ni o.

Ìdùnnú alẹ́ ọjọ́ yẹn kò ṣeé fi díwọ̀n ohunkóhun. Nínú ìwádìí Roediger àti Karpicke ní 2006, lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún ìwé kà rántí 81 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n gbìyànjú láti rántí rántí 75. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó tún ìwé kà rántí 42, àwọn tó pa ìwé dé rántí 56.

Ìwádìí Baddeley àti Longman ní 1978 tún wà, lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ń kọ́ títẹ kíbọ́ọ̀dù. Àwọn tó ń ṣe wákàtí kan lójúmọ́ ló fi wákàtí tó kéré jù lọ mọ̀ ọ́n. Àwọn náà ni inú wọn kò dùn tó sí ètò náà, nítorí ó gba ọjọ́ púpọ̀.

Ẹ gé ọjọ́ kan yẹn sí wákàtí kan lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ jẹ́ ìbéèrè lórí ti àná, láìwo ìwé. Ẹ tún bi wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àti lẹ́yìn oṣù kan.

Wọ́n ní kí n máa kọ́ ọ̀gá mi ní bí a ṣe ń lo fóònù fún ìpàdé. Wọ́n ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Ojú ń tì mí láti tọ́ wọn sọ́nà.

Kọ́ wọn níkọ̀kọ̀, má ṣe é lójú àwọn ọmọ abẹ́ wọn. Ìwọ kọ́ lo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ní 1999, Jack Welch, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ní kí àwọn ọ̀gá ibẹ̀ lọ wá ọ̀dọ́ tó máa kọ́ wọn ní íntánẹ́ẹ̀tì, òun fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́.

Bí wọ́n bá ṣe àṣìṣe, má sọ pé “Ẹ ti ṣì í, sà.” Ní “Ẹ jẹ́ ká padà síbi tá a ti wá, sà,” kí o sì dákẹ́ kí wọ́n fúnra wọn wá a, kà dé mẹ́wàá nínú ọkàn rẹ kí o tó sọ̀rọ̀. Nǹkan méjì péré ni kí o kọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan: bí a ṣe ń wọlé sí ìpàdé àti bí a ṣe ń pa ohùn tá a sì ń tan án. Fi ìpàdé gidi ẹni méjì dán an wò, ìwọ nínú yàrá kejì. Ọ̀rọ̀ fífi ohun tó wà lójú fóònù han gbogbo ènìyàn nínú ìpàdé, fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí o sì kọ́kọ́ ní kí wọ́n pa ìsọfúnni tó ń yọ lójú fóònù. Àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì ló sábà máa ń yọ láàárín ìpàdé.