Màmá Mi Ní Ẹsẹ̀ Ọmọ Àwọn Kò Ní Tẹ Gánà

Lẹ́tà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ ni mí, ọmọ ọdún 34. Akáńtáǹtì ni mí ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta irúgbìn àti ajílẹ̀. Wọ́n fẹ́ rán mi lọ sí ẹ̀ka wọn ní Accra fún oṣù 9, kí n lọ tún ìwé owó ibẹ̀ tò, kí n sì padà. Ọ̀gá mi ní kí n kọ́kọ́ máa lọ ná, pé ìwé àṣẹ iṣẹ́ á tẹ̀ lé mi. Ọkọ mi ní òun kò lòdì sí i, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá mi, tí a fẹ́ fi ọmọ wa ọlọ́dún 4 sọ́dọ̀ wọn, fárígá. Tamale ni wọ́n bí wọn sí, ọmọdé ni wọ́n nígbà tí wọ́n lé bàbá wọn kúrò níbẹ̀ ní 1969. Wọ́n ní ilẹ̀ tó lé bàbá àwọn, ẹsẹ̀ ọmọ àwọn kò ní tẹ̀ ẹ́. Ṣé kí n lọ ni, àbí kí n jókòó? – Ìyá Ọmọ Kan, Ogbómọ̀ṣọ́.

Ìyá Ọmọ Kan, ẹ kú ìrònú o. Ọ̀rọ̀ màmá yín ni n ó kọ́kọ́ mú, torí inú rẹ̀ ni ìdáhùn yòókù wà.

Màmá yín kò ṣe agídí. Ní oṣù 11 ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjòjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ 2, tàbí kó kó ẹrù rẹ̀. Ẹ mọ̀ bí ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ ṣe pọ̀ tó ní Tamale àti Kumasi nígbà náà. Ẹni tó ti ń tajà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tó bímọ síbẹ̀, kò ní ìwé torí kò sẹ́ni tó ti ń bi í léèrè. Lọ́jọ́ tí wọ́n bi í, ọ̀sẹ̀ 2 péré ló kù fún un. Ọjà tó sì ti tà láwìn ńkọ́? Ta ló fẹ́ gba gbèsè gbogbo ọjà láàrin ọjọ́ 14?

Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn: kọ́kọ́ máa lọ ná, ìwé á tẹ̀ lé ọ. Ohun tó lé bàbá àgbà yín gan-an ni ọ̀gá yín ní kí ẹ lọ fọwọ́ ara yín ṣe. Èmi fara mọ́ ọn pé kí ẹ lọ, iṣẹ́ náà yóò gbé yín ga. Ṣùgbọ́n ẹ má kúrò ní Ogbómọ̀ṣọ́ láìrí ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà sójú.

Pásípọ́ọ̀tù ECOWAS yín á gbé yín wọ Gánà láìgba físà, ẹ sì lè lo ọjọ́ 90. Àlejò ni ọjọ́ yẹn wà fún. Lọ́jọ́ tí ẹ bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ yẹn, ẹ ti di òṣìṣẹ́, àjòjì tó bá sì ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ àti ìwé ìgbélùú. Ẹ̀ka Accra ló máa béèrè fún ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà, kì í ṣe ẹ̀yin. Tiyín ni kí ẹ tètè kó ohun tí wọ́n á fi béèrè jọ: ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù, ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ àti ti ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáńtáǹtì wa, lẹ́tà iṣẹ́, àti ìwé àwọn ọlọ́pàá pé ẹ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn. Ẹ má gbàgbé káàdì yẹ́lò abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú.

Àwọn kan á sọ fún yín pé bí ọjọ́ 90 bá fẹ́ pé, kí ẹ sọdá sí Lomé, kí ẹ padà lọ́jọ́ kejì fún òǹtẹ̀ tuntun. Ẹ má dá wọn lóhùn. Òǹtẹ̀ tuntun kò sọ àlejò di òṣìṣẹ́, bí àyẹ̀wò bá sì dé, orúkọ tiyín ni wọ́n á kọ sínú ìwé. Ọ̀gá yín á ti sùn sílé rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè lẹ́tà ìránniṣẹ́ tó dúró lọ́tọ̀, kì í ṣe ímeèlì onílà méjì. Kí ọjọ́ ìlọ àti ọjọ́ àbọ̀ wà nínú rẹ̀, kó sì hàn pé ẹnikẹ́ni kò lè fi oṣù kan kún un láìjẹ́ pé ẹ buwọ́ lù ú. Kí wọ́n kọ ipò àti ìpele owó oṣù tí ẹ máa padà bá. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á gba ẹlòmíì sídìí tábìlì yín kí oṣù kẹta tó pé, bí ẹ bá wá dé, wọ́n á ní kí ẹ máa ràn án lọ́wọ́.

Owó oṣù yín ní náírà kó máa wọlé bó ṣe ń wọlé. Owó ìjẹun àti ọkọ̀ ní Accra, ní sídì ni kí wọ́n kọ ọ́. Ojú gbogbo wa ló rí ohun tó ṣe náírà láti oṣù 6 ọdún 2023. Tó bá jẹ́ iye náírà ni wọ́n kọ, tí náírà sì tún já, ẹ̀yin ni yóò rù ú.

Ilé ni kí ẹ ṣọ́ jù. Onílé ní Accra sábà máa ń gba owó ọdún kan tàbí ọdún 2 lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ òfin ilé gbígbé wọn ti ọdún 1963 kò fàyè gba ju ti oṣù 6 lọ. Ẹni tó fẹ́ lo oṣù 9 tó sì san ti ọdún 2, oṣù 15 ló fi ta onílé lọ́rẹ. Kí ilé-iṣẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ gba ilé, kó fi owó ara rẹ̀ san án.

Ó ku owó orí. Oṣù 9 jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 270. Bí ènìyàn bá ti lo ọjọ́ 183 láàrin oṣù 12, Gánà á kà á mọ́ olùgbé, owó orí rẹ̀ á sì máa gòkè ní ìpele títí dé 35%. Ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀ náà kò bọ́, 25% ni wọ́n ń bù lórí owó iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀. Pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ń sanwó yín kò yọ yín sílẹ̀, ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń wò. Bí PAYE, owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù, ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bá wá ń jáde, tí ti Gánà náà ń jáde, owó kan ṣoṣo ni wọ́n ń bù lẹ́ẹ̀mejì. Kí lẹ́tà yín sọ pé iye tí àpapọ̀ owó orí bá fi ju èyí tí ẹ ò bá san ká ní ẹ wà nílé, ilé-iṣẹ́ ni yóò san án. Kí ó sọ bákan náà ẹni tí yóò san SSNIT, owó ìfẹ̀yìntì ti Gánà: 5.5% ti òṣìṣẹ́, 13% ti agbanisíṣẹ́. Tiwa nílé ńkọ́, 8% yín àti 10% ilé-iṣẹ́? Kò gbọdọ̀ fo oṣù kan.

Ibi tó ti ń dun akáńtáǹtì jù kò sí ní Accra rárá, tábìlì tó fi sílẹ̀ nílé ni. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ẹ ka pẹ́tí káàṣì, owó kékeré tí ọ́fíìsì ń ná lójoojúmọ́, lójú ẹni tó ń gbà á: nọ́ọ̀tì ₦1,000 mélòó, ₦500 mélòó, rìsíìtì mélòó tí wọn kò tíì kọ sínú ìwé. Ẹ kọ ọ́ sí bébà méjì, kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú, kí ẹ sì kọ aago sí i. Ẹ fi ìwé owó yín wé ti báńkì títí di ọjọ́ yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú orúkọ gbogbo ṣẹ́ẹ̀kì tí kò tíì kọjá. Ẹ wá dá tókìnì, ẹ̀rọ kékeré tí ẹ fi ń fọwọ́ sí owó ní báńkì, padà pẹ̀lú lẹ́tà tó yọ orúkọ yín kúrò lára àwọn tó ń buwọ́ lùwé ní báńkì, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí báńkì lu òǹtẹ̀ sí. Ẹnì kan máa sọ pé, "Ẹ fi tókìnì yẹn sílẹ̀ fún mi, n ó máa pè yín kí n tó sanwó." Rárá o. Bí àwọn ayẹ̀wéwò bá dé, orúkọ yín ni wọ́n á bá nídìí owó tó jáde nígbà tí ẹ wà ní Accra.

Tí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ má gbé ètò VAT, owó orí ọjà, ti ibí lọ. 7.5% ni tiwa, 15% ni tiwọn, NHIL (owó ìlera) 2.5% àti GETFund (owó ẹ̀kọ́) 2.5% sì tún wà lórí rẹ̀.

Ọkọ yín ńkọ́? Ẹni tó ní òun kò lòdì, tó wá dákẹ́, ìbéèrè ń bẹ nínú rẹ̀ tí kò tíì bi yín. Ẹ bá a bi í síta: bí ara màmá kò bá yá, ta ni yóò lọ mú ọmọ nílé-ìwé? Ẹ̀ẹ̀mélòó ni ẹ máa wálé? Ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ kí wọ́n sanwó ọkọ̀ òfurufú yín wálé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà, kó wà nínú lẹ́tà kan náà. Ẹ rántí pé aago Gánà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Bí ọmọ bá ń sùn ní aago 8 alẹ́, aago 7 ni ẹ gbọ́dọ̀ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí ẹ tó lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ní ti màmá, ẹ má sọ fún wọn pé Gánà ìsinsìnyí kọ́ ni ti àtijọ́. Bí ìgbà tí ẹ ní ohun tí ojú wọn rí kò tó nǹkan ni. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ ní kí wọ́n sọ ti Tamale fún yín, kí ẹ sì jókòó gbọ́ ọ tán. Ẹ béèrè ohun tí bàbá wọn rí kó, àti ẹni tó jẹ bàbá lówó tí kò rí san. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò ní lọ bí ìwé kò bá jáde, kí ẹ sì fi dá wọn lójú. Bí wọ́n bá ṣì kọ̀, ẹ má fi ipá gbé ọmọ tì wọ́n, ẹ kọ́kọ́ lọ bá ìyá ọkọ yín sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìwé àṣẹ náà bá dé, ọ̀dọ̀ màmá yín ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Ẹ kà á fún wọn ní Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí kan ọjọ́ tí yóò parí, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún wọn nínú àpótí tí wọ́n ń kó ìwé ilẹ̀ sí.